Lójú Àlejò La Ti Ń Jẹ Gbèsè: Ọ̀rọ̀ fún Ọlọ́jà Nígbà Tí Ìlú Bá Ń Múra De Eré Àgbáyé

    

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan dìde tí ó fẹ́ẹ̀ di ariwo. Àwọn ọmọ wa obìnrin kan ní àwọn gbọ́ pé ìlú Dakar ní Senegal ni wọ́n fún ní eré Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́. Ọdún 2022 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí, wọ́n wá sún un sí 2026. Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí eré Òlíńpíìkì máa wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n tún ní Àbújá náà du eré Commonwealth ti ọdún 2030, àmọ́ ìlú Ahmedabad ní Íńdíà ni wọ́n gbé e fún ní ọdún 2025. Ni ọ̀kan nínú wọn bá dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, bó bá wá kan Nàìjíríà lọ́jọ́ kan ńkọ́? Bó bá kan Ìbàdàn tó wà nítòsí wa yìí? Ẹ jẹ́ ká ti yá owó sílẹ̀, ká kó ọjà jọ, kí òyìnbó tó dé."

Àwọn àgbà tó wà níjokòó rẹ́rìn-ín. Ìyá kan nínú wọn wá dá a lóhùn, ó ní, "Ọmọ mi, lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án." Ilé pa rọ́rọ́. Wọ́n wá ní kí àwa akọ̀wé kó ọ̀rọ̀ náà jọ, ká kọ ohun tí ojú wa ti rí àti ohun tí a mọ̀, kí àwọn ọmọ lè rí i kà. Ìdí tí a fi jókòó ti ìwé yìí nìyẹn.

ÌBÀDÀN TI GBÀLEJÒ RÍ

Kí ọmọdé má rò pé nǹkan tuntun ni. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ ló kọ́ pápá ìṣeré Liberty sí Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Òun náà ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 2010.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, inú pápá yìí ni Dick Tiger ti bá Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà, ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò akọni àgbáyé. Kò tíì sí irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ àwa èèyàn dúdú. Abala méje ni wọ́n jà, Fullmer kò lè dìde fún ìkẹjọ mọ́. Dick Tiger, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Richard Ihetu, ọlọ́jà bíi tiwa ni tẹ́lẹ̀. Ìgò òfìfo ló ń tà ní Aba kí ẹ̀ṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ẹ ò rí i pé a ò kéré!

Ìyá wa àgbà kan, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wà ní Ìbàdàn nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Òkè-Àdó, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà. A bi wọ́n pé ṣé òyìnbó ra mọ́ínmọ́ín wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Òyìnbó wo? Àwọn tó ti Ìjẹ̀bú wá, àwọn tó ti Abẹ́òkúta wá, àwọn ará Òṣogbo níbí, tí wọ́n wọ mọ́tò láti àárọ̀ tí ebi sì ń pa wọ́n, àwọn ló ra á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti fọ igbá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyá yìí sápò. A máa padà sí i.

Ní oṣù kẹta ọdún 1980, ìdíje bọ́ọ̀lù Ife Áfíríkà wá sí Èkó àti Ìbàdàn. Ní Èkó ni Nàìjíríà ti na Algeria ní góòlù mẹ́ta sí òdo lọ́jọ́ àṣekágbá. Ṣẹ́gun Odégbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. Ọmọdé la jẹ́ nígbà náà, rédíò la fi gbọ́ ọ, gbogbo àdúgbò sì tú síta. Ẹni tó ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò lórí igbá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò gbé ọ̀kankan padà sílé.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ara wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì wá díẹ̀.

Ní ọdún 1995, Nàìjíríà ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́. Gbogbo ìlú ń múra. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni àjọ FIFA gbé e kúrò, ó di Qatar. Wọ́n ní nítorí àrùn tó wà nílẹ̀ wa nígbà náà ni. Ìjọba pàdánù ti ìjọba, ṣùgbọ́n ta ló sọ̀rọ̀ ọlọ́jà? A mọ ìyá kan ní Òṣogbo níbí tó ti rán fìlà aláwọ̀ ewé àti funfun kún àpò ńlá méjì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló kó wọn sí. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí ìdíje náà wá dé lóòótọ́ ní 1999, èkúté ti jẹ ìdajì.

Ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin ọdún 1999 ni wọ́n gbá a. Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tí wọ́n pín eré náà sí, Spain ló sì gba ife náà nígbà tí wọ́n na Japan ní Èkó. Àwa obìnrin méje la dá owó mọ́tò jọ láti Òṣogbo. A gba ọ̀nà Ìwó, orin la ń kọ lọ. Ẹnì kan gbé ẹ̀wà lílọ̀ àti agbada àkàrà. Ẹnì kan gbé píọ̀ wọ́tà àti yìnyín. Ẹnì kan gbé gúgúrú àti ẹ̀pà. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí, aṣọ la kó. Àdìrẹ tó dára, ogójì, tí wọ́n rẹ ní Òṣogbo. A ò ní owó rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá aláṣọ kan ní Iléṣà la ti gbà á láwìn, ₦18,000. Owó ńlá ni nígbà náà. A ti ṣírò ó lórí: òyìnbó kan á ra méjì, òyìnbó kejì á ra mẹ́ta, a ó san gbèsè, a ó sì fi èrè gba ìsọ̀ kejì.

A débẹ̀. Kí a tó tẹ́ ẹní, àwọn kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ dé, wọ́n ní kí gbogbo wa kúrò lójú ọ̀nà, pé àlejò ń bọ̀, pé ìlú gbọ́dọ̀ mọ́. Wọ́n gbé igbá ẹlòmíràn lọ. A sáré kó ẹrù, a gbé e sórí, a ń kiri. Àwọn àlejò tí à ń retí, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n wà. Láti òtẹ́ẹ̀lì sí pápá, láti pápá sí òtẹ́ẹ̀lì. A ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, àwọn náà ń wò wá, wọ́n ń juwọ́. Ta ló fẹ́ ra aṣọ láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì tí kò dúró?

Nínú ogójì aṣọ, mẹ́fà la tà. Ọmọ Ìbàdàn ló ra márùn-ún.

Ṣùgbọ́n alákàrà wa ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lé e. Ọjọ́ kejì sí eré ni ó ti lọ kí ìyá onílé kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà pápá. Ó gbé àkàrà gbígbóná lọ fún un, ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun dáná ní iwájú ilé. Inú ọgbà ìyá yẹn ló dín àkàrà sí, àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ náà sì wá rà á jẹ. Nígbà tí a padà sí Òṣogbo, ó fi èrè rẹ̀ ra odidi àpò ẹ̀wà kan. Àwa fi tiwa ra ìrora.

Ẹ̀yin ará wa ní Iléṣà, ẹ má bínú sí wa, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìtàn Òṣómàáló, àwọn bàbá yín tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, tí wọ́n á ní òṣòó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Ọmọ Òṣómàáló ni ọ̀gá aláṣọ wa. Ó fún wa ní oṣù méjì. Nígbà tó pé, ó dé. Kò bú wa, kò pariwo. Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ìtìjú yẹn ju ẹ̀gba lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún wa la tà kí gbèsè náà tó tán. Títí dòní, bí a bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ nílé ẹlòmíràn, ọkàn wa á ṣe wọ̀ọ̀.

A ò sọ èyí kí ẹ lè káàánú wa. A sọ ọ́ kí ọmọ tó ní ká yáwó sílẹ̀ lè mọ̀ pé ọ̀nà yẹn la gbà rí.

BÍ WỌ́N ṢE Ń MÚRA, IBI TÓ TI Ń KAN WA

Láti ìgbà náà, a ti ń fetí sí bí ìlú ṣe ń múra de irú eré báyìí, nílé àti lókè òkun. Ohun mẹ́ta ló máa ń ṣẹlẹ̀.

Èkíní, wọ́n á gbá ìlú. Ọ̀dà á kun ògiri, iná á tàn lójú ọ̀nà, èyí dára. Ṣùgbọ́n lójú àwọn tó ń gbá ìlú, àti àkìtàn àti igbá ata wa, ọ̀kan náà ni.

Èkejì, wọ́n á fi okùn yí pápá ká. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó sanwó fún àjọ tó ni eré náà, àwọn nìkan ni wọ́n máa ń gbà láàyè láti tajà nítòsí. Ìwọ tí o ti ń ta ọsàn níbẹ̀ láti ogún ọdún, o di àjèjì lójú ọ̀nà ilé rẹ.

Ẹ̀kẹta, owó gbogbo nǹkan á gbéra. Owó mọ́tò, owó yàrá, owó ìsọ̀. Nígbà tí àlejò bá lọ tán, kì í tètè balẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé Ìbàdàn àti Èkó nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ní ọdún 2009, nígbà tí ìdíje àgbáyé ti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 wá sí Nàìjíríà, Ìjẹ̀bú-Òde wà lára àwọn ìlú tó gbàlejò. Bí ó bá lè kan Ìjẹ̀bú-Òde, ó lè kan Òṣogbo. Ó lè kan Iléṣà.

ALÁKÀRÀ ÌLÚ BAHIA

Ẹ jẹ́ ká dé òkè òkun díẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ àkàrà ló gbé wa lọ. Ní ìlú Salvador ní Bahia, ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lọ ní àkókò òwò ẹrú, àwọn obìnrin wà níbẹ̀ tó ń ta àkàrà títí dòní. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ fetí sí i dáadáa, àkàrà wa ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wà ni wọ́n ń bó, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi àlùbọ́sà sí i, wọ́n á dín in nínú epo pupa, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi edé sí i. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn. Ní ọdún 2005 ni ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún ilẹ̀ náà.

Nígbà tí Ife Àgbáyé ọdún 2014 ń bọ̀ ní Brazil, Salvador wà lára ìlú tó máa gbàlejò, pápá Fonte Nova ni wọ́n tún kọ́. Òfin tí wọ́n ṣe fún ìdíje náà gbà kí wọ́n pààlà tó lè dé kìlómítà 2 sí pápá, kí ẹni tí kò gbàṣẹ má tajà níbẹ̀. Àwọn alákàrà tí wọ́n ti ń dín àkàrà lẹ́bàá pápá yẹn kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣòfin tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n fẹ́ di ẹni ìta.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọn ò ju òkúta. Wọn ò jókòó sílé sunkún. Wọ́n ní ẹgbẹ́, bíi tiwa yìí, tí orúkọ ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ ABAM. Ẹgbẹ́ yìí kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ sí i. Wọ́n wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n tò lọ síwájú pápá pẹ̀lú àkàrà wọn, ìwé ìròyìn sì gbé e. Ní 2013, nígbà ìdíje Confederations Cup tó ṣáájú Ife Àgbáyé náà, wọ́n gba obìnrin mẹ́fà láàyè láti ta àkàrà ní Fonte Nova.

Ẹnì kan lè ní, mẹ́fà péré? Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́fà péré. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, tó wá rí ẹsẹ̀ kan kì wọlé, kì í ṣe òfo. Àkókò tí wọ́n sọ̀rọ̀ ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Wọn ò dúró di ọjọ́ eré.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Durban ní Gúúsù Áfíríkà. Ọjà ìdájí kan wà níbẹ̀ tó ti wà láti ọdún 1910. Ní 2009, nígbà tí Ife Àgbáyé ọdún 2010 ń bọ̀, àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ wó o kí wọ́n fi ilé ìtajà ńlá rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà parapọ̀, wọ́n wá lọ́yà, wọ́n lọ sí kóòtù. Àlejò wá, àlejò lọ, ọjà wọn kò wó.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ A MÚ DÁNÍ

Àwa ará Òṣogbo kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú àlejò gbígbà. Lóṣù kẹjọ lọ́dọọdún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ẹ̀yin náà mọ iye èèyàn tó máa ń dé, pàápàá láti ìgbà tí àjọ UNESCO ti kọ igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ wo ohun tó ń tà níbẹ̀, ẹ ó rí i pé bákan náà ni. Nítorí náà:

1. Má ṣe yáwó nítorí àlejò. Owó tó bá wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o fi ra ọjà. Àjọ wa wà, èésú wa wà. Eré lè yẹ̀, bíi ti 1995; àwọn aláwìn kì í yẹ ọjọ́ wọn.

2. Ohun tí ará ìlú máa rà lẹ́yìn tí àlejò bá lọ ni kí o kó. Omi, oúnjẹ, abùradà, aṣọ tí a lè wọ lọ sí òde míì. Ẹni tó bá ya orúkọ eré àti ọdún sára aṣọ, ó ti kọ ọjọ́ ikú ọjà rẹ̀ sí i lára.

3. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó kun ọ̀dà, kí ẹgbẹ́ ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀: ọ̀nà wo lẹ máa dí? Ibo lẹ máa fún ọlọ́jà? Ta ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ, èló ni? Kí ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, afẹ́fẹ́ a máa gbé e lọ.

4. Ká gbá iwájú ìsọ̀ wa kí wolé-wolé tó dé. Ibi tó bá mọ́, ó ṣòro kí wọ́n pè é ní àkìtàn.

5. Ká má fowó lé ọjà ní ìlọ́po mẹ́ta torí a rí àjèjì. Ẹni tí a bá rẹ́ jẹ lónìí, yóò ròyìn wa fún ogún èèyàn lọ́la. Ará ilé wa tó gbọ́ iye náà, kò ní gbàgbé.

6. Ẹ má rán ọmọ kékeré kiri láàárín mọ́tò lọ́jọ́ èrò. Kò sí èrè tó tó ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, a ò ní kí ẹ má ṣòwò. Bí eré àgbáyé bá dé Ìbàdàn lọ́la, àwa gan-an á lọ. Ṣùgbọ́n agbada la máa gbé lọ́tẹ̀ yìí, a ó sì ti kí onílé sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá wa àgbà tí a ní kí ẹ fi sápò, ẹ mú un jáde: ará ilé ló ra mọ́ínmọ́ín. Àlejò á rí ilé wa tó mọ́, á jẹ díẹ̀, á yìn wá, á wọ bàálù lọ. Àwa la máa kù lójú ọjà, àwa àti oníbàárà wa, àwa àti gbèsè wa bí a bá jẹ ẹ́.

Ìpàdé wa tó ń bọ̀, ìwé tí a fẹ́ kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ ṣáájú ọdún Ọ̀ṣun la fẹ́ jíròrò, ká fi kọ́ ọwọ́ wa de ọjọ́ ńlá. Kí ẹnikẹ́ni má pẹ́ dé. Ẹni tó bá ní ìwé owó ìsọ̀ tó san, kó mú un dání.